Orúkọ Tí Mo Kọ̀ Láti Dá ní Sùúrùlérè

Ẹ kú ilé o, Màámi. Ẹ kú àfojúsọ́nà mi. Mo kúnlẹ̀ kí Bàámi, mo kí Ẹ̀gbọ́n Rótìmí àti Àǹtí Bọ́sẹ̀ ìyàwó wọn, mo sì kí gbogbo agboolé wa n'Íléṣà. Òjò ò dá lọ́wọ́ ní Yábàá. Òrùlé mi ń jò, ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì mi sì wà nínú omi bí mo ṣe ń kọ lẹ́tà yìí. Ẹ má bínú pé ìkọ̀wé mi wọ́, ọwọ́ òsì ni mo fi ń kọ ọ́. Ẹni tó ti Èkó dé sọ fún yín pé wọ́n ti dáná sun mí. Irọ́ ni, bí mo ti sọ fún Àǹtí Bọ́sẹ̀ lórí fóònù. Mo wà láàyè. Apá ọ̀tún mi ló ṣẹ́, mo sì fẹ́ kí ẹ gbọ́ bó ṣe jẹ́ lẹ́nu èmi fúnra mi.

Ẹ mọ̀ pé ọ́fíìsì kọ̀ǹpútà ni mo ti ń ṣiṣẹ́, tí a ń bá àwọn èèyàn fi lẹ́tà ránṣẹ́ sókè òkun lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Iléeṣẹ́ tó bá wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ gba orúkọ sílẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn ra ilẹ̀ tó sì gba ìwé ẹ̀. Bí mo bá tẹ "whois" sórí kọ̀ǹpútà, tí mo fi orúkọ náà tì í, kọ̀ǹpútà á lọ bi àwọn tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀, á sì dá mi lóhùn: ẹni tó ni orúkọ yìí nìyí, ibi tó ń gbé nìyí, oníṣẹ́ tó bá a gbà á sílẹ̀ nìyí. Kò sí àwòrán kankan níbẹ̀, lẹ́tà lásán ni.

Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀ kan, ọkùnrin kan wọlé wá pẹ̀lú àwọn ọmọ ẹ̀yìn ẹ̀. Olórí àwọn awakọ̀ kan ni ní gáréèjì Jíbówú. Ojú ẹ̀ pọ́n, irin wà lọ́wọ́ ẹ̀. Ó ní kí n má bẹ̀rù, òun ò bá tèmi wá. Ó ní àbúrò òun, Wásíù, rí iléeṣẹ́ kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tó ṣèlérí iṣẹ́ fún un ní Ìtálì. Wọ́n kó o mọ́ àwọn ẹlòmíì sínú ọkọ̀, wọ́n gba aṣálẹ̀ lọ, awakọ̀ já wọn sílẹ̀ sínú yanrìn, ó sá lọ. Òùngbẹ pa Wásíù. Ẹni tó yè níbẹ̀ ló padà wá ròyìn. Ọkùnrin náà fi orúkọ iléeṣẹ́ yẹn hàn mí, ó ní kí n bá òun wá ẹni tó ni ín.

Àánú ẹ̀ ṣe mí, mo tẹ̀ ẹ́. Ìdáhùn gùn ju ojú kọ̀ǹpútà lọ. Òkè ti sáré kọjá, ìsàlẹ̀ nìkan ló kù níwájú wa. Orúkọ Káyọ̀dé ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú àdírẹ́sì ẹ̀ ní Sùúrùlérè. Káyọ̀dé tó kọ́ mi níṣẹ́ yìí! Mo kígbe pé oníṣẹ́ lásán ni, pé ó máa ń bá ẹnikẹ́ni gba orúkọ sílẹ̀, bí bíríkìlà ṣe ń mọlé fún onílé. Ta ló gbọ́? Wọ́n ti jáde.

Mo tún un tẹ̀, mo ní kó máa dúró kí n máa kà á díẹ̀díẹ̀. Orúkọ ẹlòmíì ló wà lókè, ará Mùṣín. Mo tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, mo kì í bọ àyà, mo fò sórí ọ̀kadà.

Wọ́n ti wọ́ Káyọ̀dé jáde kí n tó dé. Màámi, ẹ jókòó kí ẹ tó ka ibí yìí. Ojú ẹ̀ kan ti fọ́. Eyín ẹ̀ wà nínú ẹrẹ̀. Wọ́n ti fi táyà kọ́ ọ lọ́rùn, ẹnì kan ń da pẹtiróòlù lé e lórí, Káyọ̀dé sì ń ké bí ẹran tí wọ́n fẹ́ dúńbú. Àwọn ará àdúgbò dúró lórí bákónì, wọ́n ń wòran. Mi ò mọ bí mo ṣe la àárín wọn kọjá. Mo dùbúlẹ̀ lé e lórí, pẹtiróòlù sì rin irun àti aṣọ tèmi náà.

Mo ní kì í ṣe òun ló ni orúkọ yẹn. Olórí wọn ní, ta wá ni? Mo ní mo mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n mi ò ní sọ ọ́ fún wọn kí wọ́n má baà lọ sun òun náà. Ó la irin ọwọ́ ẹ̀ mọ́ mi lápá. Mo gbọ́ bí eegun ṣe ṣẹ́, ó ró bí igi gbígbẹ. Ó tún bi mí. Mo bì sára táyà yẹn, mo ní rárá. Ẹnì kan fa ìṣáná yọ, ó ní kí wọ́n kúkú sun àwa méjèèjì pọ̀.

Mo wá ní kí olórí wọn gbọ́ gbólóhùn kan. Mo ní Káyọ̀dé ló fojú rí ẹni tó rán Wásíù lọ sọ́run, òun ló bá a dúnàá dúrà lórí orúkọ yẹn. Bí wọ́n bá sun ún, ta ló máa nàka sí apààyàn náà ní kóòtù? Mo ní ẹnu tó lè jẹ́rìí ikú Wásíù ni wọ́n ń da pẹtiróòlù sí yìí.

Ó dúró. Ó já ìṣáná gbà, ó sọ ọ́ sínú gọ́tà. Ó jókòó sínú ẹrẹ̀, ó bú sẹ́kún, ó ń pe Wásíù, Wásíù. Nígbà tó dìde, òun náà ló pọ̀n mí lọ sí ọsibítù. Ọwọ́ tó ṣẹ́ mi lápá ló dì mí mú kí n má baà já bọ́.

Káyọ̀dé yè é, àmọ́ ojú ọ̀tún ẹ̀ ò ríran mọ́. Ó sọ tẹnu ẹ̀ fún ọlọ́pàá, mo fún wọn ní bébà. Wọ́n mú ọkùnrin náà ní Mùṣín. Nínú yàrá ẹ̀yìn ilé ẹ̀ ni wọ́n ti bá àwọn ọmọkùnrin tó ti di ẹrù wọn, tí ọkọ̀ wọn máa gbéra láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Gbogbo wọn ti padà sọ́dọ̀ ìyá wọn.

Ọ̀gá mi ṣì ń san owó oṣù mi. Ìdánìkanwà ló ń dà mí láàmú. Mo ti gé irun mi, síbẹ̀ mo ń gbóòórùn pẹtiróòlù lórí mi, kò sì sẹ́ni tí mo lè sọ ọ́ fún nínú ilé yìí.

Àǹtí Bọ́sẹ̀ pè mí lórí fóònù ọ́fíìsì, wọ́n ní Ẹ̀gbọ́n Rótìmí ti ń kó ọmọkùnrin jọ láti wá bá ẹni tó ṣẹ́ mi lápá, pé kí n sọ orúkọ ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi, mo mọ̀ pé ẹ fẹ́ràn mi. Ṣùgbọ́n mi ò ní sọ ọ́. Ìyá ọkùnrin yẹn ò rí òkú ọmọ kan sin, kò yẹ kó tún wá sin èkejì. Bí ẹ bá fẹ́ wá, ẹ fi àdá sílẹ̀, kí ẹ̀yin nìkan wá. Ẹ wá bá mi gbé omi. Ọwọ́ kan ò gbé garawa dórí.

Màámi, ẹ ò ní sunkún ọmọ. Bàámi, ẹ ó pẹ́ fún wa. Ẹ bá mi kí tẹrú-tọmọ, ẹ ní mo ń bọ̀ bí apá mi bá ti jiná. Ọlọ́run ò ní fi wá sílẹ̀.

Èmi ni,
ọmọ yín,
Fúnmiláyọ̀.