Mi Ò Sá Gìtá Sórí Àpáta

Sátidé, oṣù Kejì, 1948

Ìwé mi, má bínú, ọwọ́ mi ò gún, ọ̀rọ̀ sì ń pẹ́ kó tó wá.

Omi ta sí gìtá tí ọkọ mi tó jẹ́ káfíńtà gbẹ́, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi fáníìṣì kùn fún oníbàárà. Ìyá wọn ní kí n lọ sá a sórí àpáta, lẹ́gbẹ̀ẹ́ láfún. Èmi tí mi ò lè wo Ìyá lójú! Mo kúnlẹ̀.

“Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá, oòrùn á mú kí fáníìṣì ẹ̀ yọ́.”

“Ṣé ìwọ lo gbẹ́ ẹ ni?”

Mi ò dìde. Ìyá pòṣé, wọ́n bá tiwọn lọ. Mo rọra nu gìtá, mo gbé e sí ibòji.

Ọkọ mi dé, mo ròyìn fún wọn, wọ́n fọwọ́ pa gìtá, ó ń dán. Wọ́n ní, “Ìyá, ọpẹ́lọpẹ́ ìyàwó yín!” Ìyá gba ìdí ààrò lọ.

Orí mi wú. Mo fẹ́ kí ọkọ mi kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń kùn ún, kí n lè… Ìyá ń pè níta: “Káfíńtà! Ìyàwó káfíńtà, wá jẹun!” Mò ń bọ̀, mo kàn fẹ́ kọ ọ́ pé èmi ni Ìyá pè ní káfíńtà, pé…