Obì Tí N Kò Rí Nínú Ẹrẹ̀

Bàámi ọ̀wọ́n,

Ẹ̀yìn ìwé iṣẹ́ ni mo ń kọ lẹ́tà yìí sí. Ẹ mọ̀ pé n kì í da ìwé tí ojú rẹ̀ kan ṣì mọ́ nù. Ọwọ́ yín ni mo ti kọ́ ọ, ẹ̀yin tí ẹ máa ń tọ́jú igi ìṣáná tí a ti ṣá, kí ẹ lè fi tan iná láti ara àtùpà kan sí èkejì.

Ìyá mi wà, eékún nìkan ló ń dà á láàmú. Òrùlé yàrá yín ń jò, mo ti pààrọ̀ páànù méjì. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn ni mo fẹ́ sọ. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ etí àbàtà tí ẹbí ń dù ni.

Ẹ rántí ọjọ́ tí mo bu ẹrẹ̀ ibẹ̀ sínú ike? Ẹ̀yin lẹ bá mi di ìdérí rẹ̀. Bàbá Sẹ́gun, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá yín, ní ọ̀pẹ bàbá òun ló wà lórí ilẹ̀ náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin ní obì ni bàbá yín gbìn síbẹ̀, kí iná ẹ̀ẹ̀rùn tó jó o tán nígbà tí ẹ wà ní kékeré. Kò sí ẹlẹ́rìí kankan tó kù láyé. Mo wá sọ fún yín pé ẹrẹ̀ kì í purọ́: lẹ́búlẹ́bú òdòdó igi tó wà nítòsí máa ń bọ́ sínú rẹ̀, ó sì lè wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní yunifásítì tó wà ní Àgọ́-Ìwòyè, wọ́n ti kọ́ mi bí a ṣe ń fi awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá kà á. Inú yín dùn. Ẹ ní ọmọ yín ni yóò parí ẹjọ́ yìí.

Mo ka ọ̀ọ́dúnrún. Nínú àwọn hóró lẹ́búlẹ́bú náà, ọ̀pẹ ló pọ̀ jù, koríko tẹ̀ lé e, ìrókò náà wà. Obì: òdo. Mo tún un kà. Òdo. N kò bi ọ̀gá mi ní yunifásítì léèrè. Kí ni mo fẹ́ bi í? Òdo ni òdo.

Mo kà á sókè níwájú ẹbí n'Íjẹ̀bú-Igbó. Bàbá Sẹ́gun pàtẹ́wọ́: “Ọmọ ẹ ló kà á o, kì í ṣe èmi! Akọ̀wé ilé wa, ó mọ ìṣirò!” Ẹ ń la obì lọ́wọ́. Èékánná yín dúró lára rẹ̀. Ẹ kò bá mi jà. Láti ọjọ́ náà, ẹ kò la obì lójú mi mọ́, oṣù méje lẹ́yìn náà ẹ sì jáde láyé.

Ṣé ẹ rò pé mo gbè sẹ́yìn wọn ni? Àbí ẹ tilẹ̀ gbà mí gbọ́, tí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé ìrántí ara yín ló tàn yín jẹ?

Lóṣù tó kọjá, ọ̀gá mi kó wa lọ sí oko obì kan lẹ́bàá Òrù, ká bu ewéko rírọ̀ tó ń hù lára òkúta bíi tìmùtìmù. Òun náà máa ń gba lẹ́búlẹ́bú òdòdó sára. Òdòdó obì ń já bọ́ sórí mi bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ síbẹ̀. Mo ka ọ̀ọ́dúnrún. Lẹ́búlẹ́bú ọ̀pẹ ló kún ibẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì rèé, kò sí ọ̀pẹ kankan nínú oko náà. Obì: méjì péré.

Ọ̀gá mi ṣàlàyé. Nínú igbó àwọn ìlú òtútù, igi páìnì máa ń fi lẹ́búlẹ́bú tirẹ̀ fún atẹ́gùn, tí yóò fi pọ̀ ju iye igi náà lọ, nígbà tí igi mìíràn tó wà nítòsí kò ní hàn dáadáa. Nítorí náà, abẹ́ igi tí wọ́n ti mọ̀ ni àwọn onímọ̀ ti kọ́kọ́ ń kà, kí wọ́n lè mọ èyí tó ń pariwo àti èyí tó ń dákẹ́. Ọ̀pẹ náà ń ṣe bíi páìnì, ṣùgbọ́n kòkòrò ló ń gbé ti obì. Kì í fò jìnnà.

Òdo yẹn kò sọ pé obì wà níbẹ̀, Bàámi. Kò sì sọ pé kò sí. Èmi ni mo sọ ọ́.

Mo gbé ìwé ìṣirò méjèèjì, ti àbàtà àti ti oko obì, padà lọ bá ẹbí. Bàbá Sẹ́gun kò wò ó. “O ní ẹrẹ̀ kì í purọ́ nígbà yẹn. Ta ló wá ń purọ́ báyìí, ẹrẹ̀ ni àbí ìwọ?” Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Wọ́n ti gbin ọ̀pẹ yí àbàtà náà ká.

Mo ri obì kan mọ́lẹ̀ lẹ́yìn ògiri ṣọ́ọ̀ṣì tí a sin yín sí, níbi tó súnmọ́ ẹsẹ̀ yín jù. Bí ó bá dàgbà tó sì tanná, ẹrẹ̀ ibẹ̀ lè má mọ̀. Èmi mọ̀.

Ọmọ yín tó ka òdo tí kò béèrè, tó sì fẹ́ràn yín síbẹ̀.