Bẹ́ẹ̀dì Ẹ̀gbẹ́ Fèrèsé

Ajé, 3 Oṣù Kọkànlá
Iṣẹ́ abẹ parí, mo ṣì wà láyé. Nọ́ọ̀sì Ṣọlápé lẹ nǹkan pẹlẹbẹ kan mọ́ mi láyà, kò ní wáyà rárá. Ó ní yóò máa ròyìn èémí mi sórí fóònù ńlá tó wà lórí tábìlì wọn, tọ̀sán-tòru, ìlà kan fún bẹ́ẹ̀dì kọ̀ọ̀kan. Mo sọ ọ́ ní Olófòófó. Gbogbo wa ní wọ́ọ̀dù la ní tiwa.

Ìṣẹ́gun, 4
Ìyá Olóbì — Ìyá Wúlẹ̀mọ̀tù, tó ń ta obì ní Sábó — kò sùn. Wọ́n gbọ́ pé ẹnìkan kú lọ́sẹ̀ tó kọjá lórí bẹ́ẹ̀dì wọn, ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. "Ọmọ mi, ikú mọ bẹ́ẹ̀dì, kò mọ ojú." Ẹ̀rín pa mí. Ṣé kí àgbà máa gbọ̀n, kí n máa wò wọ́n? Mo ní ká pààrọ̀. Ṣọlápé gbà, ó gbé fáìlì wa tẹ̀lé wa. Ìyá Olóbì ṣàdúrà fún mi títí ojú fi tì mí.

Ọjọ́rú, 5
Afẹ́fẹ́ fèrèsé dùn.

Ọjọ́bọ̀, 6
Nọ́ọ̀sì tuntun kan sáré wọlé: "Àǹtí, ṣé ẹ ń mí?" Mò ń jẹ mọ́ínmọ́ín. Fóònù ní èémí ẹni orí bẹ́ẹ̀dì yìí ń lọ sílẹ̀. Ó yẹ̀ mí wò, kò rí nǹkan kan. Ó ní nẹ́tíwọ̀kì ni. Mo rẹ́rìn-ín. Ìyá Olóbì kò rẹ́rìn-ín — wọ́n yíjú sógiri.

Ẹtì, 7
Fóònù tún ké lẹ́ẹ̀mejì lónìí. Mi ò rẹ́rìn-ín mọ́. Ara mi ti mókun, síbẹ̀ nǹkan kan ń kú lọ lórí bẹ́ẹ̀dì yìí. Èmi tí mò ń kọ́ ọmọ ní sáyẹ́ǹsì n'Íkẹ́nnẹ́, mò ń gbé ọwọ́ lé àyà ara mi wò! Ẹ̀rù ń bà mí. Mo fẹ́ bẹ Ìyá Olóbì pé ká pààrọ̀ padà — oorun ni wọ́n ń sùn. Láti àárọ̀. Nọ́ọ̀sì tuntun náà ní kí n má jí wọn, fóònù ní ara wọn le ju ti gbogbo wa lọ. Ó pa ohùn fóònù náà, ariwo rẹ̀ ti sú u.

Àbámẹ́ta, 8
Ìyá Olóbì kò jí.
Ṣọlápé gbé fóònù dání. Ìlà bẹ́ẹ̀dì ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ti nà gbọọrọ, kò gbọ̀n mọ́. Èmi nìyí lórí rẹ̀, mò ń mí. Ó wo ìlà, ó wò mí, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó ní, "A pààrọ̀ yín. A ò pààrọ̀ yín nínú fóònù."
Ìyá Olóbì, ikú mọ ojú o. Àwa tó yẹ ká sáré bá yín la ò mọ̀ ju bẹ́ẹ̀dì lọ.
Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lẹ ké. Èmi ni wọ́n wá bá, pẹ̀lú mọ́ínmọ́ín lẹ́nu.