Pákó Ara Ògiri Ilé Ọ̀gá Mi

Olóòtú wa, mo kí yín o, ẹ kú iṣẹ́. Káfíńtà ni mí ní Bẹẹrẹ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi, torí ọ̀gá mi kì í fi ètò yín ṣeré.

Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ló ní kí n wá fi pákó tuntun bo ògiri ilé òun. Òun fúnra rẹ̀ ló kan ti àtijọ́. Igi ìbú nìkan ló kàn mọ́ ògiri, ó wá to pákó lóòró lé e. Omi òjò ń dúró sórí igi ìbú yẹn, gbogbo rẹ̀ bá jẹrà.

Èmi kọ́kọ́ kan igi òòró mọ́ ògiri kí n tó kan ti ìbú lé e, pákó sì wá kẹ́yìn, kí omi lè rọ́nà ṣàn lọ, kí atẹ́gùn sì máa gba ẹ̀yìn pákó. Ọ̀gá dé, ó pariwo: "Ìlà igi kan ṣoṣo ni mo kọ́ ẹ! Tú u!"

Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní, "Ẹ má bínú, sà." Ṣùgbọ́n mi ò tú u. Látìgbà náà, kò jẹ́ ìkíni mi mọ́.

Iṣẹ́ mi dá mi lójú. Ẹ̀yin olùgbọ́, báwo ni kí n ṣe bẹ̀ ẹ́? Mo lè dọ̀bálẹ̀ fún un láràárọ̀, àmọ́ pákó ilé tí mo ti kọ́ṣẹ́ ò ní jẹrà lẹ́ẹ̀kejì.