Wọ́n Pòṣé sí Mi ní Pomona

Ọjọ́ Ajé, 7 Oṣù Kẹta, 1938
A parí fíìmù náà lónìí! Èmi Hulda Ekdahl, ọmọ Nebraska — Lorna Vail ni wọ́n sọ mí nílé iṣẹ́ fíìmù níbí — èmi tí wọn kì í fún ní ipa kankan ju ọmọ jẹ́jẹ́ lọ, ìkà paraku ni mo ṣe. Nínú fíìmù náà, mo bu májèlé sínú tíì àbúrò mi nítorí ọkọ rẹ̀. Inú mi dùn dẹ́yìn! Àmọ́ àdéhùn mi ń parí lọ́jọ́ kejìlélógún. Bí Sìgá, ọ̀gá wa pátápátá tí sìgá kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀, kò bá fi kún un, ilé yá nìyẹn, kí n lọ máa kó ẹyin adìẹ.

Ọjọ́ Ẹtì, 11
Sìgá pàdé mi lọ́nà. Ó pè mí ní Laura. Mo gbé.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 15
Màmá wọ ọkọ̀ ojú irin dé. Ó ní òun wá bá mi di ẹrù ni. Mo ní kó ṣe sùúrù. "Sùúrù? Láti ọdún mẹ́ta wá, kí ni mo ń ṣe?"

Ọjọ́ Ẹtì, 18
Wọ́n gbé fíìmù wa lọ sí ilé sinimá kan nílùú Pomona láìkéde, kí wọ́n lè mọ bó ṣe máa rí lára àwọn èèyàn. Èmi àti Màmá yọ́ wọlé, mo fi ìborùn bo orí. Bí mo ṣe gbé tíì dé nínú fíìmù — gbogbo ilé pòṣé! Ẹnì kan pariwo pé, "Má mu ún o, ọmọ mi!" Ó kù díẹ̀ kí n jó fún ayọ̀. Màmá yọ ọwọ́ rẹ̀ kúrò nínú tèmi.

Lẹ́nu ọ̀nà, ìborùn mi já bọ́. Ìyá arúgbó kan fi báàgì gbá mi léjìká. "Ojú ò tì ẹ́! Ọkọ àbúrò ẹ!" Sìgá wà lẹ́yìn wa. Ó rẹ́rìn-ín títí sìgá fi bọ́ lẹ́nu rẹ̀. "Lorna," ó ní, "ẹni tí wọ́n ń lù báyìí, a kì í jẹ́ kó lọ!"

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 22
Ọdún méje! Sìgá fọwọ́ sí àdéhùn mi! Ipa ìkà mẹ́rin ti ń dúró dè mí, méjì nínú wọn á pààyàn! Mo sáré wálé, mo dì mọ́ Màmá. Ó sunkún ayọ̀, ó ní òun ò padà sí Nebraska mọ́, ọ̀dọ̀ mi lòun á máa gbé. Mo se kọfí ká fi dáwọ̀ọ́ ìdùnnú. Màmá wo ife rẹ̀. Ó wò mí. Ó rọra tì í sọ́dọ̀ mi.

"Hulda, ọmọ mi," ó ní, "ìwọ kọ́kọ́ mu ún."