Omi Tí Mo Ń Bù Lókè

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Bí ènìyàn bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ nǹkan sínú ìwé, tó pa ìwé náà dé, tí kò sì padà kà á, ṣé a lè sọ pé ó mọ nǹkan ọ̀hún? Ìbéèrè yìí ni kò jẹ́ kí n sùn. Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo sì kí ẹni tí ẹ ń retí. Mo nírètí pé ara rẹ le, pé ẹsẹ̀ rẹ tó wú ti lọ sílẹ̀, pé oúnjẹ sì ti ń dúró nínú rẹ. Ní ti ara tiwa, n óò sọ ọ́ bí mo bá débẹ̀.

Lẹ́tà rẹ dé lọ́jọ́ Ajé. O ní o fẹ́ wá bímọ sílé, kí o sì lo oṣù mẹ́ta lọ́dọ̀ wa. Inú ìyá rẹ dùn débi pé ó ti ń fọ kọ́tìnì yàrá rẹ kí n tó ka lẹ́tà náà tán. Ọmọ mi, má wá. Jọ̀ọ́, ka èyí tó kù kí o tó bínú.

O mọ iṣẹ́ mi ní ọgbà tí wọ́n ń da ìdọ̀tí epo rọ̀bì sí. Ní ìparí oṣù kọ̀ọ̀kan, èmi ni mò ń bu omi kòtò ńlá náà sínú ìgò tí wọ́n ń yẹ̀ wò. Ìgbà àkọ́kọ́, mo so agolo mọ́ ọ̀pá gígùn, mo tì í wọlé títí ó fi kan ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀. Ọ̀gá mi bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ìwọ alákọ̀wé yìí, ṣé ẹja lò ń wá ni? Òkè ni wọ́n ti ń bù ú." Mo bù ú lókè. Omi òkè mọ́ gaara. Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi bù ú lókè, tí ìwé àyẹ̀wò ń sọ pé kò séwu, tí mo sì ń fọwọ́ sí i. Mo ti kà á kí n tó gba iṣẹ́ náà pé òjé àti àwọn irin bíi tirẹ̀ a máa rì sísàlẹ̀. Àmọ́ nígbà tó yá, mo gba ìwé tí mo fọwọ́ sí gbọ́ ju ìwé tí mo kà lọ.

Ọdún tí o lọ sílé-ìwé olùkọ́ni ni àgbàrá fẹ́ẹ̀ gbé ẹ̀yìnkùlé wa lọ. Àwa òṣìṣẹ́ a máa kó ẹrẹ̀ kòtò tó ti gbẹ lọ sílé. Ó dúdú, ó kúnná, ó dà bí ilẹ̀ tó lọ́ràá. Mo kó ẹ̀kún ọkọ̀ mẹ́ta wálé láti fi tẹ́ ẹ̀yìnkùlé náà. Ìyá rẹ gbọ́ òórùn rẹ̀. Ó ní, "Bàbá wọn, ilẹ̀ wo ló ń rùn bí ẹ́ńjìnnì?" Mo ní imú rẹ̀ ti pọ̀ jù, kó wá gbaṣẹ́ ní yàrá àyẹ̀wò. A jọ rẹ́rìn-ín. Ó gbin ẹ̀fọ́ àti tòmátì sórí rẹ̀. Àbúrò rẹ ń fi í mọ ilé.

O rántí ìdí tí a fi ń pè é ní Ọ̀jọ̀gbọ́n. Kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́rin tó fi ń ka àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà wa, méjìlá ní lílọ, méjìlá ní bíbọ̀, tí yóò sì tún kà á sẹ́yìn láti fi ya àlejò lẹ́nu. Nígbà tó fi máa pé mẹ́sàn-án, orúkọ náà ti di yẹ̀yẹ́. "Ọ̀jọ̀gbọ́n, méje lọ́nà mẹ́jọ?" Yóò kàn máa wo ẹnu mi. Èmi ni mo kọ́kọ́ pè é ní olódo nínú ilé yìí, lójú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Mo nà án nítorí ìṣirò. Bó bá ní inú ń run òun, mo ní kí ló dé tí inú yìí kì í run ún lọ́jọ́ Sátidé.

Lóṣù tó kọjá, gìrì gbé e ní kíláàsì. Dókítà obìnrin kan tí kò lè jù ọ́ lọ gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ó bi mí pé, "Bàbá, iṣẹ́ wo lẹ̀ ń ṣe?" Mo sọ ọ́. Kò pariwo mọ́ mi. Ó kàn gbé bírò sílẹ̀. Òjé ló kún ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà. Ó ní òògùn lè fa díẹ̀ jáde, àmọ́ èyí tó ti ba ọpọlọ jẹ́ kì í sábà ṣeé tún ṣe. Ó ní kí aboyún má ṣe sún mọ́ irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ rárá, nítorí òjé a máa gba inú ẹ̀jẹ̀ ìyá dé ara ọmọ.

Mo délé, mo ṣí ìwé tí mò ń kọ nǹkan sí lálaalẹ́. Gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀. "A tẹ́ ẹ̀yìnkùlé lónìí. Ilẹ̀ náà dára." Oṣù méje lẹ́yìn náà: "Ọ̀jọ̀gbọ́n tún ní inú ń run òun." Ẹ̀ẹ̀méjìlélógún ni mo kọ inú rírun yẹn sílẹ̀. N kò fi ojú ewé kan wé èkejì rí.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ìwé dókítà pamọ́ fún ìyá rẹ. Kọ́tìnì tó ń fọ̀ yẹn ló já mi láyà tí mo fi sọ ọ́. Kò sunkún. Ó lọ fa gbogbo ẹ̀fọ́ náà tu, ó padà wọlé pẹ̀lú ọwọ́ dúdú, ó ní, "Èmi ni mo ń sè é fún un." Mo ní ẹ̀bi mi ni. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Imú mi sọ fún mi, ẹnu yín ni mo gbà gbọ́."

Nítorí náà, ìyá rẹ ni yóò wá bá ọ. Ọ̀jọ̀gbọ́n yóò bá a wá. Má bi í ní ìṣirò. Bó bá gbàgbé orúkọ ọkọ rẹ, kí ọkọ rẹ tún un sọ, bí ẹni pé ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn. Èmi yóò dúró. Lánàá mo so agolo mọ́ ọ̀pá, mo sì wa ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ kòtò sínú ìgò. Ọ̀gá tuntun bi mí pé kí ni mò ń ṣe. Mo ní ẹja ni mò ń wá. Ìgò náà wà lórí tábìlì yìí. Ní òwúrọ̀ yìí n óò gbé e lọ fún àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń mójú tó àyíká, pẹ̀lú orúkọ mi lára rẹ̀. Bóyá wọn yóò gbà á, n kò mọ̀. Ilé tó yí kòtò náà ká pọ̀, ọmọ sì wà nínú wọn.

Kí Ọlọ́run sọ̀ ọ́ kalẹ̀ tayọ̀tayọ̀. Kí ọmọ náà máa bi ọ́ ní ìbéèrè títí yóò fi sú ọ, kí o sì rí sùúrù tí n kò ní láti fi dá a lóhùn.

Èmi ni bàbá rẹ, tó ń tọrọ àforíjì.

Àfikún: Ọ̀jọ̀gbọ́n ti jí. Ó ní kí n sọ fún ọ pé òun á ka àtẹ̀gùn ilé yín bí òun bá dé. Ó fà mí lọ sẹ́nu ọ̀nà láti fi tiwa dánra wò. Ó dé mẹ́sàn-án, ó dúró, ó ń wo ẹnu mi. Lọ́tẹ̀ yìí mo dúró dè é. Ilẹ̀ ti mọ́ kí ó tó dé méjìlá, mo sì pa àtùpà tí mo fi kọ lẹ́tà yìí lóru.