Ikọ́ Tí Wọ́n Gé Kúrò Nínú Orin

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Ọkọ rẹ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ìyá wa ní kí n kí yín. Oògùn orúnkún tí o fi ránṣẹ́ ti ń ṣiṣẹ́.

Orin àkànpọ̀ tí àbígbẹ̀yìn wa ń fi ránṣẹ́ sí ọ, tí Bàbá máa ń ṣàdúrà fún ọ nínú rẹ̀, ni mo torí ẹ̀ kọ̀wé. Lánàá, mo rí i bó ṣe to orin àti ohùn Bàbá sórí ìlà lójú kọ̀ǹpútà, tó ń gé ikọ́ wọn kúrò, tó ń fi orin dí àlàfo rẹ̀.

Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n, iṣẹ́ DJ nìyẹn: etí ò gbọdọ̀ mọ ibi tí abẹ gbà. Bàbá ló ní kí n má dẹ́rù ba Àǹtí."

Nígbà tó gé e tán, gbólóhùn kan péré ló kù nínú àdúrà náà.

Máa bọ̀ wálé. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí o bá Bàbá láàyè.

Ẹ̀gbọ́n rẹ.